Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Mú Ọ̀fun Rẹ̀ Le



Kò sí ọmọ Adó-Àwáyè tí kò mọ ohun tí Òkè Adó ń ṣe fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Àtẹ̀gùn tí a ń gùn lọ sí adágún omi Ìyáàkẹ̀ lé ní 300. Ẹni tí ó bá ń gùn ún déédéé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa le. Ẹni tí ó bá jókòó sílé fún ọdún mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó dé ìdajì ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí iṣan ẹsẹ̀ ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ọ̀fun rí. Òun pẹ̀lú a máa rọ bí ọjọ́ orí ti ń lọ, òun pẹ̀lú sì ṣeé fi iṣẹ́ mú le.

Kí olúkúlùkù fi ìka kan gògóńgò rẹ̀, kí ó sì gbé itọ́ mì. Yóò rí i pé gògóńgò náà gòkè, ó sì tún sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe lásán. Ọ̀nà méjì ni ó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun: ọ̀kan jẹ́ ti èémí, ó lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èkejì jẹ́ ti oúnjẹ, ó lọ sínú ikùn. Nígbà tí okelè bá dé ibẹ̀, ahọ́n a tì í sẹ́yìn, gògóńgò a gòkè, ìdérí kékeré kan a bo ọ̀nà èémí, ẹnu ọ̀nà oúnjẹ a sì là. Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Bí ènìyàn bá di arúgbó, agbára ahọ́n a máa dínkù, gògóńgò a sì máa lọ́ra. Nígbà náà ni omi tàbí oúnjẹ yóò máa pá a lórí, tí yóò máa húkọ́ nídìí àwo. Àwọn kan a ní ọjọ́ ogbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ojú a sì máa ti àgbà náà: kò ní fẹ́ bá ẹbí jẹun pọ̀ mọ́, yóò dín omi mímu kù, yóò sì máa rù. Èyí tí ó bá ń kán sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di àrùn òtútù àyà. Okelè tí ó bá sì dí ọ̀nà èémí pátápátá lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Níhìn-ín ni òwe àwọn àgbà ti di òtítọ́ gidi, pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Japan, wọn a máa gún ìrẹsì lódó bí a ti ń gún iyán, mochi ni wọ́n ń pè é. Nígbà ọdún tuntun, mochi a máa há àwọn arúgbó lọ́fun, àwọn mìíràn a sì kú. Nítorí náà ni àwọn panápaná Tokyo fi ń kìlọ̀ lọ́dọọdún pé kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó níbẹ̀, wọn a máa jùmọ̀ pe "pa, ta, ka, ra" kíkankíkan kí wọ́n tó jẹun, kí ètè àti ahọ́n lè ta jí. Ní Amẹ́ríkà, Dókítà Reza Shaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1997 pé eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ 6 mú kí ẹnu ọ̀nà oúnjẹ àwọn arúgbó là dáradára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2005, JoAnne Robbins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ahọ́n àwọn ẹni ọdún 70 sí 89 le sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8.

Àwọn eré náà nìyí; kí oúnjẹ má ṣe sí lẹ́nu nígbà tí a bá ń ṣe wọ́n.

Èkínní, kí àgbàlagbà tẹ ahọ́n mọ́ àjà ẹnu gan-an, kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ó tó sinmi. Kí ó ṣe é nígbà mẹ́wàá.

Èkejì, kí ó gbé itọ́ mì tipátipá, bí ẹni pé okelè ńlá ni.

Ẹ̀kẹta, kí ó jókòó, kí ó ká aṣọ ìnura sábẹ́ àgbọ̀n, kí ó sì máa fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

Ẹ̀kẹrin ni ti Dókítà Shaker: kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsí ìrọ̀rí, kí ó gbé orí nìkan sókè láìgbé èjìká, títí yóò fi rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọrùn ń dùn, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, kò gbọdọ̀ ṣe èyí láìkọ́kọ́ bi dókítà.

Nídìí oúnjẹ, kí ó jókòó ṣánṣán, kí okelè kéré, kí èkínní sọ̀kalẹ̀ kí ó tó bu èkejì. Kí a má ṣe máa fi omi ti okelè, nítorí omi a máa yára ju ọ̀fun tí kò lágbára lọ. Kí ó máa fọ ẹnu déédéé, kí ìdọ̀tí ẹnu má ba à bá itọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí okelè bá há ẹnìkan, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì lè húkọ́, kí a má ṣe bu omi sí i lẹ́nu. Kí a tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a gidigidi láàárín èjìká nígbà 5. Bí kò bá jáde, kí a dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí a fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra lókè ìdodo, kí a fà á sínú àti sókè nígbà 5.

Àwọn àrùn kan wà tí eré ìdárayá kò tó fún. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ lójijì, tí apá kan sì rọ, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìsẹ́yìn ní wákàtí náà gan-an. Ẹni tí iyán kò lọ mọ́, tí ẹ̀kọ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí ó sì ń rù, kí òun náà tètè lọ. Wọ́n lè tọ́ka rẹ̀ sí àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn tí a ṣí ní 1957.

Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ẹ má ṣe fi àgbà sílẹ̀ kí ó máa dá jẹun ní kọ̀rọ̀. Ẹ bá wọn jókòó láràárọ̀, kí ẹ máa ka iye fún wọn bí wọ́n ti ń ṣe eré náà. Oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà, ẹ jẹ́ kí àwọn náà rí i gbé mì pẹ̀lú ìrọ̀rùn.