Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ WÍWỌN ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ KÉKERÉ



Àwa tí a ń di ẹrù sí lọ́rì mọ̀ pé bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, sítíárì kò ní í gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Lọ́rì lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ òfuurufú kò níbi tí yóò dúró sí lókè.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ní Kaduna to ọkọ̀ òfuurufú Air Beetle fún àwọn ológun òfuurufú ilẹ̀ wa. Ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, èyí tí Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ṣe kí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án nílé. Ẹni tó bá kan irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kó tó fò.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó ti ilẹ̀kùn, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gbé apá rẹ̀ sókè, ìwọ̀n á sì dín. A ó gbé táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé òṣùwọ̀n mẹ́ta. A ó wá fi lẹ́fẹ́lì bíríkìlà lé irin gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Bí kò bá tẹ́jú, a ó fi pákó sábẹ́ táyà tó relẹ̀. Ẹ wọn pákó náà lọ́tọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Kí ni ìdí wàhálà yìí? Bí imú bá relẹ̀, ìwúwo á wọ́ síwájú. Bí ìrù bá relẹ̀, á wọ́ sẹ́yìn. Òṣùwọ̀n kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwé yóò purọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Táyà ẹ̀yìn méjì jẹ́ kílò 180 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti iwájú jẹ́ 90. Àpapọ̀ jẹ́ 450. Láti ibi tí àwòrán ní ká ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, tẹ̀yìn jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 180, tiwájú ní 30. 360 ní ìlọ́po 180 jẹ́ 64,800. 90 ní ìlọ́po 30 jẹ́ 2,700. Ẹ pa wọ́n pọ̀, 67,500. Ẹ fi 450 pín in, ó ku 150. Ibẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba. Bí ó bá kọjá ààlà sẹ́yìn, imú lè gbé sókè kí awakọ̀ má lè dá a padà.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ń kánjú pé ká fọwọ́ sí ìwé ìwọ̀n tí a kò fojú ara wa rí, yálà ti lọ́rì ni tàbí ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká kọ̀ ní ohùn kan. Ọ̀gá kọ́ ni yóò jókòó sínú rẹ̀.