Ọ̀rọ̀ Lórí Rẹ́tífáyà Alùpùpù

Ẹ̀yin ọlọ́kadà Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ iná alùpùpù la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń gun èyí tó ti pẹ́, irú Honda CG125 àtijọ́.

Ta ló wà níbí tó ń ra gílóòbù lemọ́lemọ́? Ta ni omi bátìrì rẹ̀ ń tètè gbẹ? Ẹ óò ní, “Gílóòbù ìsinsìnyí kò dára.” Ẹ óò tún ra òmíràn. Owó ń lọ. Bóyá gílóòbù kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ wo àpótí irin kékeré tí àwọn rìwáyà ń pè ní rẹ́tífáyà.

Iná tó ń ti ẹ́ńjìnnì wá máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Bátìrì kò lè gba irú rẹ̀. Rẹ́tífáyà ló ń sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì fa tíròtù, tí iná pọ̀ sí i, òun náà ni kì í jẹ́ kó kọjá ààlà. Bó bá bàjẹ́, iná lè má dé bátìrì mọ́, tàbí kó dé ibẹ̀ ní àpọ̀jù. Àpọ̀jù ló burú jù. Bátìrì á gbóná, omi rẹ̀ á hó, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbaná. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀ o! Gílóòbù náà á jó. Ẹ rò ó wò: ọ̀nà Bàdágìrì lóru, tírélà lẹ́yìn, èrò lórí ọ̀kadà, iná iwájú sì kú lójijì.

Ẹ má sáré ra tuntun. Ẹ fi mítà wọn bátìrì ná. Mítà wà ní ọjà Alábà lọ́hùn-ún. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, bátìrì 12V tó dára máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Ẹ wá ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fa tíròtù. Ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bó bá kọjá 15, rẹ́tífáyà ló ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì àti ojú wáyà. Òjò àdúgbò wa yìí máa ń mú kí wọ́n dípẹtà. Kọ́ìlì náà lè ti jó.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Kí ó jọra lójú kò tó. Ẹ ka iye wáyà, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. CG125 tó kọ́kọ́ jáde ní 1976 ń lo 6V. Àwọn tó dé lẹ́yìn ń lo 12V. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí: ẹ ka èyí tí a kọ sára bátìrì yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú kí ẹ fi yọ ọ́; ẹ má fa wáyà. Ẹ tú bóòtù rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà fá ojú irin tó jókòó lé títí yóò fi dán, nítorí ibẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ rìwáyà kì í ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí tuntun mìíràn kì í fi í pẹ́. Ẹ dè é le. Wáyà tí ẹ kọ́kọ́ tú ni ẹ óò so kẹ́yìn.

Ẹ tún fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí bátìrì yín bá jẹ́ èyí tí a ń bu omi sí, ẹ bu omi bátìrì kún un dé ojú ìlà. Kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.