Orí Ọta Tí Kì Í Fọ́ Lára Ẹran

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní.

Ọdẹ ni bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà ni ó sì ń lò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó tì í bí ó bá ń ki ìbọn rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí yóò lò ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn a fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́; bí ó bá kéré jù, ẹran a gbé ọta lọ. Èyí èkejì yìí ni bàbá mi kórìíra jù. Ẹran tí ó gbé ọta lọ yóò jẹ̀rora títí yóò fi kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì yóò ti rí i. Bí ó bá sì ṣe ẹfọ̀n ni, ó lè ba de ọdẹ nínú igbó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Montana ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun náà sì ń ṣọdẹ. Níbẹ̀, òfin gbà kí ọdẹ máa to ọta ìbọn ráífù rẹ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Yóò ṣa èèpo idẹ ọta tí ó ti yìn jọ, yóò fi ohun ìtanná tuntun sí ìdí rẹ̀, yóò wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, yóò sì fi orí tuntun dé e. (Kí ẹni tí ń gbọ́ mi ní Nàìjíríà má ṣe dán an wò o! Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 kò fi àyè gba aládàáni láti máa ṣe ọta.)

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ yìí yin akọ elk kan. Elk dàbí àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ó tóbi tó màlúù. Orí ọta olówó pọ́ọ́kú ni ó lò, ó sì bá ẹran náà ní èjìká. Ó rí èérún egungun lórí yìnyín, ó sì fi ọjọ́ méjì tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹran. Ó kọ̀wé sí mi pé òun rò pé orí ọta náà fọ́ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, pé oorun kò sì kun òun mọ́. Irú orí ọta wo ni kí òun rà?

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́. Ní 1946, ọkùnrin ará Oregon kan tí ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́, John Nosler, lọ ṣọdẹ ní British Columbia ní Kánádà. Ó bá akọ moose kan pàdé tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Ó yin ín, ó tún un yìn, ṣùgbọ́n ńṣe ni orí ọta ń fọ́ sí awọ ẹran náà. Nígbà tí ó padà sílé, ó ronú kan orí ọta tí ó ní ògiri bàbà láàárín, òjé níwájú, òjé lẹ́yìn. Bí a bá là á sí méjì lóòró, ó dàbí lẹ́tà H. Apá iwájú yóò là bí òdòdó, ògiri yóò dá a dúró, apá ẹ̀yìn yóò sì máa wọlé lọ. Ní 1948 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ọdẹ mìíràn, wọ́n sì ń rà á títí di òní.

Nínú ìtàn yìí ni ọgbọ́n gbogbo orí ọta olówó iyebíye wà. Ẹ ju ìṣù amọ̀ tútù lu ògiri, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, kì yóò wọlé. Ẹ sọ abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, yóò kọjá, ihò rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Orí ọta rere gbọ́dọ̀ là kí ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́. Àwọn kan yọ́ òjé mọ́ bàbà kí méjèèjì má bàa pínyà. Àwọn mìíràn kò fi òjé sí i rárá: ní 1989 ni ilé iṣẹ́ Barnes gbé irú èyí jáde, bàbà látòkè délẹ̀.

Ìbọn .30-06 ni ọmọ náà ń lò, kò kéré, kò sì tóbi jù. Orí òjé tí àwọn ọdẹ elk sábà máa ń yàn fún un jẹ́ 180 gréènì. (Gréènì 7,000 ni ó wà nínú pọ́un kan, ẹ wo bí ó ti kéré tó.) Èmi sọ fún un pé kí ó mú ti bàbà, ní nǹkan bí gréènì 165. Kò ní pàdánù ohunkóhun, nítorí orí bàbà kì í sábà dín kù nígbà tí ó bá ń wọlé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ eré kí ó tó lè là, nítorí náà kò dára fún ẹni tí ń yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn réré. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í yìn kọjá yáàdì 300.

Mo tún ní ìdí mìíràn. Ó ní ọmọ kékeré méjì. Òjé tí ó fọ́ nínú ẹran a máa fọ́n èérún tí ojú kò lè rí jìnnà sí ojú ọgbẹ́, wọn a sì jẹ ẹ́ mọ́ ẹran. Àwa tí a rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú ìwakùsà góòlù ti pa ọmọdé tí ó kéré tán tó 400, kò yẹ kí a fi òjé ṣeré. Ní Califọ́níà, nítorí ẹyẹ igún ńlá tí òjé ń pa, òfin ti ka ọta òjé léèwọ̀ fún ọdẹ pátápátá láti July 1, 2019.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù lọ ni ẹ̀tù. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ti bàbà ni yóò gùn jù. Yóò gba àyè ẹ̀tù nínú èèpo idẹ, agbára inú ìbọn yóò sì ga sókè. Ẹni tí ó bá kàn yí orí ọta padà tí kò yí ẹ̀tù padà ń fi ojú ara rẹ̀ tọrọ. Kí ó ṣí ìwé ẹni tí ó ṣe orí ọta náà gan-an, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré jù níbẹ̀, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè. Bí idẹ bá ń lẹ̀ mọ́ ìbọn, tàbí tí ohun ìtanná bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sì padà sẹ́yìn. Kí ó wọn ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, kí rédíò má ṣe máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ń gbọ́ rédíò.

Ìbọn pàápàá ní ohun tí ó fẹ́. Ọmọ náà to oríṣi mẹ́ta, ó yìn wọ́n sí pátákó ní yáàdì 100. Èkejì ni ìbọn rẹ̀ gbà: ihò mẹ́ta tí owó ẹyọ kan lè bò. Ó to ogún sílẹ̀. Ní òpin oṣù kẹwàá ni wọn yóò ṣí ìgbà ọdẹ ní Montana, ó sì ti kọ̀wé sí mi pé àfonífojì tí elk ti èṣí ti sọnù ni òun yóò kọ́kọ́ lọ.

Ó dàárọ̀ o.