Iná Tó Ń Gòkè Tó Ń Wálẹ̀: Ohun Tí A Rí Nídìí Ẹ̀rọ Háídrójìn

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ)

 

Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí ni fídíò kan ti ń yí káàkiri orí group wa. Ẹnì kan ki rọ́bà bọ ike omi, ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ní omi lòun fi ń tan iná. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ dáwó, ká ṣe irú ẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí wa. Ẹ̀yin àgbà ní ká kọ́kọ́ dán an wò lórí tábìlì ná. Ẹ ṣeun gan-an ni. Èsì ẹ̀ ni mo wá jẹ́.

Ẹ̀rọ náà kò le. Irin stainless pẹlẹbẹ méje la tò, a fi rọ́bà sáàárín wọn, a wá fi bóòtì dè é pọ̀. A da omi sí i, a fi sódà àwọn tó ń ṣe ọṣẹ díẹ̀ sínú omi ọ̀hún kí iná lè rí inú ẹ̀ gbà. Bátìrì mọ́tò 12 volt la so mọ́ irin àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Irin méje fún wa ní yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 2 volt, iye tó tó láti tú omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn.

A tan án. Míìtà ka 6 amp. Inú wa dùn. Kó tó di ìdajì wákàtí ó ti di 11, wáyà ti ń gbóná. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́: 7, 3, 8, 2. Kí la ṣe? A da sódà kún un! Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù tú èèrà, a ó rí ìfun nínú ẹ̀. Nígbà tí a wá fara balẹ̀, ohun tí a rí nìyí.

Bí iná bá ń gòkè ṣáá, ooru ni. Omi tó ní sódà, bó ṣe ń gbóná ló ṣe ń gba iná kọjá sí i, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Iná tó pọ̀ sí i á tún mú omi gbóná sí i. Torí náà, ẹ má fi omi tútù díwọ̀n sódà yín. Ẹ jẹ́ kó kéré níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó máa dúró sí tó bá gbóná tán. Ẹni tó bá lágbára kó wá ẹ̀rọ tó ń di amp mú lójú kan. Ẹ tún rántí pé sódà kì í tán, omi ló ń di gáàsì lọ. Bó bá gbẹ, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ fi kún un. Ẹni tó ń da sódà sí i nígbà gbogbo ń mú iná gòkè láìmọ̀.

Bó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo bátìrì bóyá ó ti ń kú lọ, ẹ wo omi bóyá kò bo irin mọ́, ẹ wo ìfófòó bóyá ó ti kún inú yàrá.

Bó bá ń fò, ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé: ẹ fi míìtà ka volt lórí bátìrì, kí ẹ tún kà á lórí bóòtì ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tiwa ka 12 lórí bátìrì, ó ka 9 lórí ẹ̀rọ. Volt mẹ́ta ti ṣòfò sójú ọ̀nà! Kílíìpù kan tó ti dípẹtà ló jẹ ẹ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò. A fi yanrìn bébà ha á, míìtà dúró jẹ́ẹ́.

Míìtà fúnra ẹ̀ náà lè tanni jẹ. Ojú ihò 10 amp tó wà lára míìtà kékeré kò gbọ́dọ̀ gbà ju 10 lọ, ó lè jó. Ọ̀pọ̀ clamp meter sì wà tó jẹ́ iná NEPA nìkan ló lè kà, kò mọ iná bátìrì. Ẹ wo ara ẹ̀ bóyá ó kọ DC. Bó bá jẹ́ ṣájà lẹ ń lò, ẹ yọ ọ́, ẹ so bátìrì gidi mọ́ ọn. Bí fífò náà bá dáwọ́ dúró, ṣájà lọ̀daràn. Lékè gbogbo ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Gáàsì yìí ti pò mọ́ ọ́síjìn kó tó jáde, ìtapàrà kékeré tó láti mú un bú gbàmù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má yọ kílíìpù nígbà tí gáàsì ń jáde, súìṣì tó jìnnà ni kí ẹ fi pa á. Ẹ fi fíùsì sí wáyà nítòsí bátìrì. Kí gáàsì gba inú ike kejì tí omi dé ìdajì ẹ̀ kọjá, kí iná má baà rìn padà wá bá yín. Ẹ má kó o sínú ìgò tàbí bàlúùnù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú. Inú omi ni kí ẹ da sódà sí, ẹ má da omi lé sódà lórí. Ẹ má sì fi iyọ̀ dípò ẹ̀ o, gáàsì olóró ló máa jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. 12 volt, 10 amp, wákàtí kan: 120 watt-hour la ná. Gáàsì tó jáde jẹ́ nǹkan bíi 40 lítà. Bó bá jó tán pátápátá, agbára inú ẹ̀ kò tó 90. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á fi èyí tó pọ̀ jù ṣòfò sínú ooru, bóyá la máa rí 20 gbà padà. Ta ló ń fi 120 náírà ra ọjà tó máa tà ní 20? Ní 2012, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé mẹ́rin gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo háídrójìn láti inú ìtọ̀ wá síbi Maker Faire Africa ní Èkó. Ọpọlọ wọn yẹ ní pípàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: iná mélòó lẹ fi tú u?

Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí èmi gan-an ni mo pariwo jù pé ká dáwó. Ẹ má dá a. Bátìrì tó fẹ́ tú omi yẹn, ẹ so gílóòbù mọ́ ọn tààrà, ẹ fi sólà máa ṣájì ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń rọbí lóru, iná ni wọ́n nílò, wọn ò nílò fídíò. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ tiwa fún ilé ìwé gírámà wa, kí àwọn àbúrò wa fi kọ́ bí omi ṣe ń tú, kí olùkọ́ wà nídìí ẹ̀.