Ọtí ní Gáréèjì, Òkú Lójú Pópó

N kò wá sọ̀rọ̀ ìbò lónìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó gbé wa wá síbí, tí yóò sì gbé wa padà sílé, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tí ó bá dé gáréèjì ńlá lówùúrọ̀, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, Lọ́kọ́jà tàbí ìlú Bìní, yóò rí ẹni tí ó gbé ìgò páragà àti ògógóró kalẹ̀ nítòsí ọkọ̀ tí ń kún lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà a gba ife kan, a ní kí ojú òun lè là ni. Irọ́ ni. Ọtí ń mú ojú wúwo, a sì mú kí ẹsẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé orí bíréèkì. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré pẹ́ ju bí ó ti yẹ, ọkọ̀ ti fi mítà 12 àti ààbọ̀ sún mọ́ lọ́rì tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Omi tútù tí a bù sójú kò lè lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọfí kò lè lé e. Àfi kí wákàtí kọjá.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ ní 1977; ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rọ tí ń yẹ èémí wò kò bá sí, ojú lásán ni a fi ń dá ọ̀mùtí mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ yìí ní 1967, ikú ojú pópó dínkù, nítorí awakọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ lè tẹ òun. Kí àwọn aṣòfin wa béèrè fún un lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta ní ń ra ọtí fún dẹ́rẹ́bà tí a háyà wá sí ìpàdé bí èyí? Àwa náà ni. (Mo rí i pé àwọn kan ti ń fajú ro, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi tán.) Bí a bá ti pín oúnjẹ, a ó gbé páálí bíà fún wọn lábẹ́ igi, a ó ní ọ̀làwọ́ ni wá, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó kó àwọn ìyá wa sínú ọkọ̀ wọn. Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fún awakọ̀ ní oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan, kí a sì dá ìdajì owó ọkọ̀ dúró títí èrò yóò fi délé.

Ẹ̀yin èrò pàápàá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, wọn a pè é ní oníwàhálà. Bí gbogbo èrò bá jọ sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n béèrè owó wọn, ọ̀gá gáréèjì yóò wá awakọ̀ mìíràn.

Kí a tó tú ká nírọ̀lẹ́ yìí, mo bẹ akọ̀wé wa kí ó lọ sí abẹ́ igi tí àwọn dẹ́rẹ́bà wà. Bí ó bá bá ìgò níbẹ̀, kí ó padà wá sọ fún wa. A ó sun ìhín mọ́jú.