Ẹ̀rí àti Àbá: Ẹjọ́ Kasparov àti Ẹ̀rọ Deep Blue

 

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè ṣàjèjì létí yín nínú oṣù alápọ̀nlé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ayò ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayò títa ni mo wá kọ́ yín. Ẹjọ́ kan ni, èyí tí ó wáyé láàrin ọkùnrin kan àti àwọn tí wọ́n ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan, tí àlùkáálì kankan kò sì dá títí di òní.

Ayò náà ni àwọn Òyìnbó ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí ó bá ka ìwé Lárúbáwá yóò mọ̀ ọ́n sí shatranj. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó sì gbà dé ilẹ̀ Yúróòpù. As-Sūlī jẹ́ ọ̀ta tí òkìkí rẹ̀ kàn láàfin àwọn Kálífà ní Bàgídáàdì, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí. Lórí ìdájọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò. Imām Mālik, tí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ń tẹ̀lé mazhab rẹ̀, kò rí oore nínú rẹ̀. Àwọn onímazhab Shāfiʿī ní makrūh ni, bí kò bá ti sí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀, tí kò sì gba àkókò ìrun mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Bí tẹ́tẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, gbogbo wọn gbà pé èèwọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Garry Kasparov, ọmọ ìlú Baku, ni ọ̀ta gbogbo ayé láti ọdún 1985. Iléeṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Deep Blue. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Philadelphia ní oṣù kejì ọdún 1996, ẹ̀rọ náà jẹ ayò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n Kasparov ni ó borí níkẹyìn pẹ̀lú 4 sí 2. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kejì ní New York, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1997. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ náà lè yẹ ipò ayò tí ó tó 200,000,000 wò kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Dọ́là 700,000 ni ti ẹni tí ó bá borí, dọ́là 400,000 ni ti ẹni tí ó bá pàdánù, àwọn òǹwòran sì ń tẹ̀ lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé.

Kasparov jẹ ayò kìn-ín-ní. Ayò kejì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà ṣí fún ẹ̀rọ náà láti kó ọmọ ayò kéékèèké, bí àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ti máa ń ṣe. Kò kó wọn. Ó fara balẹ̀, ó sì dí gbogbo ọ̀nà mọ́ Kasparov bí àgbà ọ̀ta, títí ọkùnrin náà fi gbà pé òun ti jìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó sọ fún un pé àwọn tí wọ́n yẹ ayò náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti rí ọ̀nà tí ì bá fi ta ọ̀mì. Ọkàn ta ni yóò balẹ̀ lẹ́yìn irú èyí?

Kasparov bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè bí ẹ̀rọ ṣe lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó mẹ́nu ba góòlù tí Maradona fi ọwọ́ jẹ England ní ọdún 1986. Kò sí ẹni tí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn sí: ó ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1770, Wolfgang von Kempelen gbé ẹ̀rọ ayò kan wá sí ààfin ní Vienna, ère ọkùnrin tí a wé láwàní fún ni ó jókòó nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Tọ́kì. Ó borí ọ̀pọ̀ ènìyàn kí iná tó jó o ní ọdún 1854. Ọ̀ta kan ni ó máa ń fara pamọ́ sínú àpótí rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yá láwàní wa láti fi tan ènìyàn jẹ!

Kasparov ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ náà ṣe ronú jáde. IBM kò fún un. Wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, lẹ́yìn náà ni ó fìdí rẹmi pátápátá nínú ayò kẹfà. Ó bèèrè fún ìdíje mìíràn, wọn kò gbà. Ńṣe ni wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Nígbà tí ó yá ni wọ́n tó gbé àkọsílẹ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ará mi, nínú ìmọ̀ ìdájọ́ wa, ọrùn olùpẹ̀jọ́ ni ẹ̀rí wà, Sūratul-Hujurāt sì kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá. Nípa èyí, Kasparov kò ní ẹ̀rí, kò sì tọ́ kí ó fi àbá ta epo sí aṣọ àlà àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà, Feng-hsiung Hsu, Murray Campbell àti Joseph Hoane. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: inú àpótí ẹni tí ó ń bá a du ayò ni ẹ̀rí tí à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wà. IBM ni ó pe ìdíje, òun ni ó ń san owó, òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun náà ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá di ẹ̀rí mú, tí ó tún ní kí ẹnìkejì lọ mú ẹ̀rí wá, èmi kò rí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ àbá náà. Fífi ẹ̀rí pamọ́ wà lára ohun tí Sūratul-Baqarah kọ̀ fún wa, àní nínú ọ̀rọ̀ gbèsè lásán. Inú sūra yẹn kan náà ni àṣẹ wà pé kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yìí ni ó sì yẹ kí wọ́n ti yanjú pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ ayò.

Ní ọdún 2012, ìwé kan tí Nate Silver kọ gbé àlàyé Murray Campbell jáde. Ó ní nínú ayò kìn-ín-ní, nígbà tí ẹ̀rọ náà fẹ́ sún ọmọ ayò rẹ̀ ní ìgbà kẹrìnlélógójì, àbùkù kan nínú ètò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó mọ èyí tí yóò ṣe, ó sì kàn sún ọ̀kan ṣáá. Silver ní Kasparov ka àbùkù yìí sí ọgbọ́n ìjìnlẹ̀, ó sì gbé ìbẹ̀rù náà lọ sídìí ayò kejì.

Kasparov fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2017, Deep Thinking ni ó pè é. Ó fi kọ̀ǹpútà òde òní tún gbogbo ayò náà yẹ̀ wò, ó sì ní ọ̀wọ̀ tí òun ní fún àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà pọ̀ sí i, èrò òun nípa bí òun ṣe ta ayò òun sì lọ sílẹ̀. Ogún ọdún ni ó gbà á kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò torí èyí yin iléeṣẹ́ náà fún ìwà tí wọ́n hù sí i. Deep Blue ti di ohun àfihàn: apá kan rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, apá kejì wà ní California.