Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ÀWỌN ÀGBẸ̀ KÒKÓ LÓRÍ EṢINṢIN TÍ Ń BA ÈSO JẸ́



Kòkó ni olórí iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n kòkó nìkan kọ́ ni ó wà nínú oko yín. Ọsàn, máńgòrò, gúrọ́fà àti òro wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó wọn ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń gbọ́ bùkátà ilé kí kòkó tó gbó. Owó yìí ni ọ̀tá kan ń jí lọ.

Ọ̀tá náà ni eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Ní ọdún 2003 ni a kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nígbà tí ó di 2004, a ti rí i ní Benin, aládùúgbò wa. Kò sì pẹ́ tí ó fi tàn ká Nàìjíríà.

Kì í ṣe ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó gbé e rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Àwa ènìyàn ni a ń rù ú. Abo rẹ̀ a gún èèpo èso, a sì yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí ó gún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ká èso lè má rí i. Ní ọjọ́ díẹ̀, ẹyin a di ìdin. Ìdin a jẹ inú èso títí yóò fi rà. Lẹ́yìn èyí ìdin a jáde, a wọ inú ilẹ̀, a sì di eṣinṣin.

Nítorí náà agbọ̀n máńgòrò tí ó dára lójú nígbà tí ó kúrò lóko lè ti kún fún ìdin kí ó tó dé ọjà Mushin. Oníbàárà a kọ̀ ọ́, owó yín a sì ṣòfò. Èyí tí a bá dà sí ààtàn yóò tún bí eṣinṣin sí àdúgbò náà. Ní Yaba àti Surulere, kò ní wá oúnjẹ tì, nítorí ó fẹ́ràn èso igi furúùtù tí ń ṣíji bo àgbàlá àwọn ilé níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ máa ṣa gbogbo èso tí ó já bọ́, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má fi ti òro sílẹ̀.

2. Ẹ rì wọ́n mọ́ inú ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tàbí kí ẹ dì wọ́n sínú àpò ọ̀rá dúdú, kí ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn títí ìdin yóò fi kú.

3. Ẹ ká máńgòrò nígbà tí ó bá gbó. Ẹ má jẹ́ kí ó pọ́n lórí igi.

4. Ẹ má ba èèrà pupa tí ń fi ewé tútù kọ́ ilé sórí igi èso jẹ́. Ìwádìí tí a ṣe nínú oko máńgòrò ní Benin, tí a tẹ̀ jáde ní 2007, fi hàn pé níbi tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin kì í lè ba èso jẹ́ púpọ̀.

5. Ẹ má fi oògùn kòkó fọ́n èso. Ìdin wà nínú èso, oògùn kò ní kàn án. Ẹni tí yóò jẹ èso ni yóò jẹ oògùn.

Bí ẹnì kan bá ṣa ilẹ̀ oko rẹ̀ mọ́, tí aládùúgbò rẹ̀ kò ṣe é, eṣinṣin yóò padà wá. Nítorí náà, ẹ fi ohùn ṣọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ dá ọjọ́ tí gbogbo yín yóò máa ṣa èso. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.